Àkèré Dúdú Bàbá Àgbà

"Odile, ṣé nǹkan tí ajá jẹ kù yìí lo fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje?"

Brody ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tí a jọ ń pẹja fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àkèré onírọ́bà dúdú ọwọ́ mi, èyí tí a fi ń tan ẹja, ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá mi àgbà, Alcide, ló fún mi. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé ẹsẹ̀ àkèré náà kan kúrú, kó lè máa rìn ṣégeṣège lórí òṣíbàtà. Orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n sì ti kun ikùn rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun.

"Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, dúdú ni kó o jù," ni wọ́n wí. "Ìsàlẹ̀ ni ẹja báàsì ti ń wòkè. Òjìji ló ń rí, kò mọ ẹwà. Bó bá gbé e, ka ení, ka èjì, kó o tó fà á. Odile, mi ò lè dé etí omi mọ́. Ṣáà jẹ́ n gbọ́ pé ẹja jẹ ẹ́ kí n tó lọ."

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹgbẹ́ ò dáa. Mo ki àkèré náà bọ inú bàtà òjò mi nílé, mo sì so àkèré aláwọ̀ ewé Brody tó ń dán yinrin mọ́ okùn mi.

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí adágún Verret lọ́jọ́ ìdíje. Láti àárọ̀ la ti ń ju àkèré aláràbarà yẹn sáàárín òṣíbàtà. Ẹja á yọ, á yí po lábẹ́ rẹ̀, á padà. Ẹja kékeré méjì péré la gbé dé orí òṣùwọ̀n. Àwọn tó gba ipò kìíní ńkọ́? Àkèré dúdú ló wà lẹ́nu okùn wọn. Inú mi bàjẹ́ kọjá sísọ.

Mo délé, mo yọ ti Bàbá nínú bàtà, mo fi omi ẹ̀rọ rin ín kó lè dà bí ohun tó ròde.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?" Bàbá ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ó jẹ ẹ́, Bàbá. Ńlá ni!"

Ojú wọn tàn. "Gbé e wá, ọmọ mi."

Áà! Mo ti gbàgbé pé eyín báàsì rí bíi sáńpépà, pé ó máa ń ha ohunkóhun tó bá kàn. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ikùn àkèré náà lọ, ra á bọ̀. Ọ̀dà náà ṣì jọ̀lọ̀, kò sí ibi tí eyín ha. Ọwọ́ wọn dúró.

"O ṣeun," ni wọ́n wí, wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Bàbá ò rí ọ̀la.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ta ọ̀rọ̀ àgbà nù. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó yẹ kó dárí jì yín lè má dúró.

Gbogbo ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú ni mo ń ju àkèré dúdú yẹn báyìí. Ẹja ti ha ikùn rẹ̀ títí ọ̀dà fi họ tán. Kò sí Bàbá tí màá gbé e fún.