Ìkànnì Tó Ṣi Màmá Lọ́nà

"Uncle, ẹ má bínú, èyí tí ẹ mú yìí ti old-fashioned jù," ni Mojísọ́lá wí.

Òun ni ẹgbẹ́ Yorùbá ìjọ wọn ní Atlanta ní kó ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn. Uncle Kọ́ládé, alága ẹgbẹ́, ti rí ilé-iṣẹ́ kan tó kó kàlẹ́ńdà, àwòrán àti ìkéde orí fóònù pọ̀ sójú kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, àmọ́ bí a bá yí nǹkan níbì kan, ibi gbogbo ló ń yí.

Ṣùgbọ́n Eli, ọmọ kíláàsì Mojísọ́lá, ti ní àwọn arúgbó ló ń lo irú ẹ̀. Ta ni yóò sì gbà kí Eli fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Mojísọ́lá mú kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ìkéde lọ́dọ̀ òmíràn, àwòrán lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. Ìkànnì náà rẹwà bí egbin.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà o," ni Uncle wí. "Ṣé wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀?"

"They will, sir," ló dáhùn. Kò dán an wò.

Láìpẹ́, Aunty Gbémi bímọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wojú Olúwa. Ó ti ṣèlérí pé Màmá Oyèwùmí, ìyá àgbà tó ń bá òun gbàdúrà láti ọjọ́ yìí, ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ náà. Gbọ̀ngàn kan ní ìlú Redan ni ìkómọ ọjọ́ kẹjọ yẹ kó ti wáyé. Nígbà tó ku ọ̀la, omi ya wọ gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì gbé ìkómọ lọ sílé Aunty Gbémi ní McDonough, ìlú mìíràn tó jìnnà síbẹ̀. Mojísọ́lá yí àdírẹ́sì inú kàlẹ́ńdà. Ìkéde orí fóònù kò mọ̀ rárá. Redan ló ṣì ń júwe láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ.

Láti Duluth tí Màmá ń gbé, Redan ni wọ́n gbé e lọ. Ilẹ̀kùn títì ló bá. Kó tó dé McDonough, wọ́n ti sọmọ lórúkọ, nítorí pásítọ̀ ní shift níbi iṣẹ́.

Mojísọ́lá kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Màmá, I'm so sorry. Èmi ni mo fà á."

Ojú Màmá náà kún fún omi. Ó dùn ún gan-an. "Dìde, ọmọ mi. Ẹ gbé ọmọ tuntun náà fún mi." Ó gbọ́mọ mọ́yà, ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún!" Gbogbo ilé sì dáhùn pé orúkọ á mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, Mojísọ́lá gba ohun tí Uncle mú. Kò sí aburú nínú kíkó nǹkan jọ láti ibi púpọ̀, bí ẹni tó ń kó wọn jọ bá mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Àmọ́ ẹni tí yóò lo nǹkan ló yẹ ká bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí yóò yìn wá.