Ó Jókòó Kí Wọ́n Tó Ní Kó Jókòó

Ìbínú ọ̀mọ̀wé burú ju ti ọmọ ìta lọ. Ọmọ ìta á gbá ọ létí, ó parí. Ọ̀mọ̀wé á fi gègé bá ọ jà, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntúndé, ọmọ Iléṣà, ní yunifásítì kan ní Johannesburg. Òun ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe tún ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣe, kí ó lè gba ọmọ gbogbo orílẹ̀-èdè mọ́ra. "Ẹ má fi àṣà ilé yín díwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ," ni ó máa ń wí. Wọn a pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnu dùn-ún ròfọ́!

Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí ìwé àpilẹ̀kọ àṣekágbá Oyinkọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, ti wà lórí tábìlì rẹ̀, tí kò buwọ́ lù ú.

Kí ni ọmọbìnrin yìí ṣe? Bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá, kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀, ọmọ Súlú, ló tọ́ ọ ní Roodepoort. Nígbà tí olùkọ́ tó ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í sábẹ́ Akíntúndé. Lọ́jọ́ tó gbé ìwé náà wá, kò kúnlẹ̀, kò kí i. Ó kàn jókòó, ó sì dorí kodò.

Inú bí Akíntúndé gidigidi. "Orúkọ Yorùbá lò ń jẹ́, o kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Màá fi hàn ọ́," ló wí nínú ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí Oyinkọ́lá bá béèrè, Akíntúndé á ní, "Mò ń kà á lọ́wọ́." Irọ́ ni! Kò ṣí i rí. Oṣù kẹsàn-án wá pé: bí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà bá kọjá láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀, yunifásítì yóò yọ orúkọ ọmọ náà kúrò, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á sì wọmi.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Akíntúndé ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí kálukú sọ ohun kan nínú àṣà rẹ̀ tí àlejò lè ṣì lóye. Ìyáàfin Khumalo dìde.

"Láàárín àwa Súlú, ọmọdé kì í kọ́kọ́ kí àgbà. Á tètè jókòó, kí orí rẹ̀ má baà ga ju ti àgbà, á sì dúró kí àgbà kí i. Kì í wò ó lójú. Ọ̀wọ̀ ni."

Akíntúndé rántí ọjọ́ tí Oyinkọ́lá jókòó, tó dorí kodò.

Bí wọ́n ṣe parí, ó wakọ̀ tààrà lọ sí Joubert Park, níbi tí Olúwaníyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtilé, ti ń ta bàtà. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. "Níyì, n kò mọ̀ ni. Àṣìṣe lásán ni, àbí?"

Olúwaníyì ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣìṣe wo? Bó bá jẹ́ pé ó rí ọ fín lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé ó wá yẹ kí o ba ayé rẹ̀ jẹ́? Má fi àṣà bojú, Akíntúndé! Ìkà ni o ṣe, o sì ń gbádùn rẹ̀."

"Eish, Níyì, ó tó!"

"Kò tó! Ìwọ náà ti rí Ọlọ́run fín láti kékeré. Kàkà kí Ó pa ọ́ rẹ́, Ọmọ Rẹ̀ ló jẹ́ kó kú nípò rẹ. Ta wá ni ìwọ?"

Akíntúndé fẹ́ fìbínú jáde, ṣùgbọ́n ó tún padà jókòó. Láàárín bàtà, tí àwọn awakọ̀ tasí ń pariwo níta, Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́kún. "Jésù, ìkà ni mí. N kò ní àwáwí. Gbà mí."

Ó ka ìwé náà tán lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ gidi ni. Ó buwọ́ lù ú, ó sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni. Wọ́n gba ipò olùdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ bẹ Oyinkọ́lá, ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé òun yóò dárí jì í, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni o ń rẹ́rìn-ín sí tí o ń pa lára? Aya rẹ ni? Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni? Má sọ fún mi pé ó rí ọ fín, mi ò bi ọ́!

Oyinkọ́lá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kì í ṣe lónìí, òun ni wọ́n ṣẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé ìwọ lo ṣẹ̀, tí Jésù ń nawọ́ àforíjì sí, ìwọ náà ń sọ fún Un pé kì í ṣe lónìí? Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Ronú pìwà dà báyìí, níbi tí o jókòó sí yẹn.