Omi Lọ́wọ́ Orogún

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó bá ọkùnrin kan tó gun orí àpò omi nílẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po amọ̀.

"Ẹ má bínú, mò ń wò ó bóyá ó ń jò ni."

Àpò omi tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn gun òkè ló ń tà, èyí tó ní rọ́bà gígùn tí èèyàn á máa fi fa omi mu bó ṣe ń rìn. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ ẹnu ọ̀kan.

"Tí ọwọ́ yín ò bá wọlé, ẹ ò ní lè fọ inú ẹ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà. Bó bá ṣe ń rùn lomi inú ẹ̀ ṣe máa rí lẹ́nu. Ẹ wo ìdí rọ́bà yìí, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jò."

Nọ́ọ̀sì ra àpò búlúù. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n fọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ọ̀gá" ti di "olólùfẹ́ mi".

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà. Òun ló máa ń ṣáájú àwọn tó bá fẹ́ gun òkè, Ìyá Òkè ni wọ́n ń pè é, kò sì tíì bímọ kankan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí tábìlì bíi pé bàbá ẹ̀ ló kàn án. Nọ́ọ̀sì á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á máa jowú lábẹ́lẹ̀.

"Àpò omi mélòó lẹnìkan fẹ́ rà?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í. "Ṣé ràkúnmí ni?"

Ìyá wọn gbọ́, ó ní kí ẹbí ọkùnrin náà, tó fẹ́ wá tọrọ rẹ̀, ṣì ní sùúrù ná.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí nọ́ọ̀sì àtàwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ máa gun òkè, ó bá Ìyá Òkè ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpò búlúù, irú tirẹ̀ gan-an. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ, ó sì gbé tirẹ̀ sọ sórí tábìlì.

"Gbà. Fún un ní méjèèjì."

"Olólùfẹ́ mi, èyí tó dáa jù nìyẹn. Ṣé kí n ta èyí tó ń jò fún un ni?"

"Tà á fún un."

Ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ra òmíràn. Kò tẹ̀ ẹ́, kò gbóòórùn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdajì òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tutù rinrin, ó rò pé òógùn ni. Ó fa rọ́bà, afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá Òkè ló ń ṣáájú wọn, nọ́ọ̀sì ò sì lè tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn títí òòyì fi kọ́ ọ, ó jókòó sórí àpáta.

Ìyá Òkè padà wá bá a. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó na rọ́bà tirẹ̀ sí i.

"Ẹ mu."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ mọ bí ẹni tómi tán lára ẹ̀ ṣe máa ń rí."

Ó mu. Ojú tì í gan-an.

"Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn," Ìyá Òkè sọ jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún un lóṣù tó kọjá. Ó ní òun ti rí ẹni tòun. Mo kàn ṣì ń yà síbẹ̀ torí ọkàn mi ò tètè gbọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yọ rọ́bà náà lẹ́nu. Nígbà tó wo ojú obìnrin náà, inú rẹ̀ rọ̀. Ó tún fa omi.

"Ẹ má mu ún tán o. Èmi náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láàyè."

Eruku òkè ò tíì kúrò lára nọ́ọ̀sì tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé Ìyá Òkè kọnu sí ẹ?"

"Ojú ti tì í tó lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n tún máa sọ ọ́ kiri ni?"

"Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí sórí òkè."

"Mo gbọ́. Ó pè mí."

"Ó ní nọ́ńbà ẹ?"

"Oníbàárà mi ni."

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó.

"Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n wá rí màmá mi ní Sátidé. Mi ò lè máa jowú báyìí lórí ẹni tí kì í ṣe ọkọ mi."