Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Lọ́nà Tangier

Bihi ló parọ́ mọ́ Yamna. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni. Ó fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó ẹja sádìnì láti ìlú Agadir lọ sí ìlú Tangier, ẹja sì ti jẹrà kó tó débẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹja bi í, ó ní Yamna tó ń di ẹrù níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹja tutù dáadáa kó tó kó o sọ́kọ̀. Wọ́n lé Yamna lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ló yẹ kí òun àti Bihi ṣègbéyàwó.

"Ọkùnrin tó tìtorí ẹja tà ọ́," ni bàbá Yamna wí, "yóò tìtorí búrẹ́dì pa ọ́."

Bí ìgbéyàwó ṣe forí ṣánpọ́n nìyẹn. Bihi kò fẹ́ ẹlòmíràn. Bó bá ti ń gba iwájú ilé ẹja yẹn kọjá, ojú rẹ̀ a máa wá ìborùn aláwọ̀ ewé Yamna lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń wakọ̀ lọ, fóònù rẹ̀ dún.

"Bihi ọmọ Hmad, o ṣì wà láyé?"

Bihi mọ ohùn náà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Yamna, ọ̀wọ́n mi!"

"Má pè mí ní ọ̀wọ́n rẹ. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nípa epo, ọkọ̀, àti bí ẹrù ṣe ń dọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Olùkọ́ ní kí kálukú mú awakọ̀ kan wá, kó sọ ẹrù tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó fà á. Gbogbo kíláàsì ń gbọ́ ọ."

"Ṣebí awakọ̀ pọ̀ ní Agadir."

"Wọ́n pọ̀. Ìwọ ni mo ń retí."

Ohùn bàbá Yamna ta láti ẹ̀yìn rẹ̀: "Ṣé òpùrọ́ ẹlẹ́ja yẹn nìyẹn?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Pẹ̀lẹ́ kì í jí ẹja dìde!"

Olùkọ́ dá sí i. "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ̀rọ amútutù inú ọkọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

Bihi mọ̀ pé bí òun bá tún parọ́, fóònù yìí kò ní dún bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

"Rárá, èmi ni mo pa á. Mo dúró sinmi ní Chichaoua lójú ọ̀nà, Yamna sì pè mí. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, ni mo bá pa á. Ohùn yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi sùn lọ. Nígbà tí mo jí, mi ò rántí tàn án mọ́."

Bihi gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. Ó ń gbọ́ èémí Yamna.

"Ẹja rẹ tutù dáadáa, Yamna. Mo parọ́ mọ́ ọ."