Ilẹ̀kùn Aláwọ̀ Eérú

"Bàámi! Kí lẹ ṣe sí mọ́tò mi?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni wọ́n ń ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sì gbé mọ́tò kékeré mi sí. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wá ń dán ní búlúù látòkè délẹ̀.

"Mo bá ọ kun ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé. Ṣé ọmọ tèmi ló máa gbé mọ́tò tí wọn ò kùn tán lọ síbi ìdíje?"

Yéè! Kò sẹ́ni tó gbàgbé nǹkan kan! Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe nínú ojúlówó mọ́tò eré ìje tí wọ́n wò ṣe kékeré mi yìí, láti fi dán an wò. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan bàjẹ́, wọ́n fi òmíràn tó jẹ́ aláwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀, wọn ò sì kùn ún títí wọ́n fi pa iṣẹ́ náà tì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe kékeré rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ta mí lọ́rẹ. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ń wá kiri.

Ẹni tó bá gbégbá orókè níbi ìdíje ẹgbẹ́ wọn, níbi tí mọ́tò kékeré kò ti gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é, máa lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán mọ́tò tuntun. Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé tó ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ ní, "Fi ọ̀dà eérú kùn ún padà jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀. N ò gbé irọ́ lọ síbì kankan."

Ó pòṣé. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Máa bá tìẹ lọ."

Bó ṣe wà ni mo gbé e lọ. Bàbá mi tẹ̀ lé mi, wọ́n wọ aṣọ tó dáa jù lọ nínú àpótí wọn. Alága àwọn adájọ́ gbé mọ́tò náà sókè, ó fajú ro.

"Aláìmọ̀kan wo ló ba èyí jẹ́?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi wolẹ̀. Inú bí mi gan-an.

Alága rọra bá mi sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, òfin wa máa ń fojú fo èyí tó ti bàjẹ́ kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣáà sọ pé bó o ṣe gbà á nìyẹn, kó o wọlé."

Ọ̀rọ̀ kan péré! Ṣùgbọ́n a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo gbóhùn sókè.

"Bàbá mi ló kùn ún, sà. Àwọn ló dúró síbẹ̀ yẹn. Èmi ni n ò sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ẹ yọ orúkọ mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má pe bàbá mi ní aláìmọ̀kan mọ́!"

Wọ́n yọ orúkọ mi lóòótọ́.

Níta, bàbá mi ní, "O ò bá ti gbà fún un. N ò ní bínú."

"Èmi máa bínú, Bàámi."

Mo sunkún nígbà tá a délé, ó sì ń dùn mí dòní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni n ó sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má sẹ́ òbí yín nítorí ipò kankan. Àǹfààní tó bá ní kí n fi bàbá mi pamọ́ kí n tó wọlé, ìta ni kó dúró sí.