Ọkọ Mi Bá Ẹgbẹ́ Rìnrìn Àjò

Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń fara hàn fún. Oúnjẹ ilé ìwé ni mo fi gbogbo ayé mi sè ní ìlú wa yìí, létí odò Mississippi, mi ò sì ráyè àlá. Bí mo bá ní mo rí nǹkan, mo rí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà, àga ọkọ mi ṣì wà níbi fèrèsé, kó wá jókòó tì í.

Mi ò fẹ́ràn besibọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíì fi igi gbá a. Lowell ọkọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀, débi pé èyí tí wọ́n ń gbá lórí pápá kò tó o. Kí n tó fẹ́ ẹ ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Dáìsì ni wọ́n fi ń ta á lórí tábìlì nígbà yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòṣì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ò ní ìyá, wọn ò ní bàbá, orúkọ lásán ni wọ́n. Wọ́n á dé ní kékeré, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á dàgbà, wọ́n á fẹ̀yìn tì. Kóòṣì á sọ ẹni tó fẹ́ kó gbá, Virgil tó ń darí líìgì á tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á sì sọ ẹni tó borí. Ohun táwọn àgbàlagbà ń torí ẹ̀ bá ara wọn ṣe kèéta nìyẹn.

Àwọn Atukọ̀ ni ẹgbẹ́ Lowell. A ò bímọ. "Àwọn ọmọ" ló máa ń pè wọ́n, mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àsìkò ìkórè àgbàdo ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé àga rẹ̀ síbi fèrèsé tó kọjú sódò. Ó ń mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Virgil wá kí wa. Ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú àyà bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "a kì í gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn. Òfin wa nìyẹn. Ará ilé rẹ̀ ló máa bá a dì í mú. Ìwọ ni."

"Èmi? Mi ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù."

"Lowell náà ló ṣì máa jẹ́ kóòṣì. Ìwọ á kàn máa bá a fi orúkọ àwọn tó máa gbá ránṣẹ́ sí mi."

"Virgil, ṣé o ò rí bó ṣe wà ni?"

"Mo rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́."

Mo gbà. Ìgbà òtútù ti ń bọ̀, ilé sì ti dákẹ́ jù fún mi.

Ìgbà òtútù ni líìgì wọn máa ń lọ, nígbà tí kò sóhun téèyàn lè ṣe níta. Tí Virgil bá ti jẹun ọ̀sán tán, á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á sì pè mí lórí fóònù. Ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀, yìnyín ti bo àgbàlá. Kò sí ìró kankan. Mo ń ro ọbẹ̀ ẹ̀wà ní kíṣìnì, mo sì gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ṣé kọfí wà?"

Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lowell ni. Ó jókòó dáadáa, ó ń wò mí. Ó mu kọfí. Ó jẹ ọbẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mo sunkún, mo sì ń bú u lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọjọ́ mélòó kan, mo tún ní ọkọ. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti tutù. Fóònù dún.

"Àwọn Atukọ̀ ti gbéra o," Virgil ní. "Ìlú àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ti máa gbá báyìí."

Mi ò fi méjèèjì wé ara wọn. Ta ló máa ronú ẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ padà, Lowell padà. Wọ́n tún lọ, ó tún lọ. Nígbà tó sì dé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pọ́n, awọ ibẹ̀ ń bó. Oòrùn ló jó o. Oṣù Kìíní ni. Yìnyín dé orókùn níta, kò sì tíì fi àga yẹn sílẹ̀ lọ síbì kan ju orí ibùsùn lọ. Mo bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́. Èèpo hóró sunfílawà dà sílẹ̀ láti inú àpò, irú hóró táwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń jẹ tí wọ́n sì ń tu èèpo rẹ̀ dànù. Mi ò ra nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ilé mi rí.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n tún gbéra, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni mo ń wá. Mo gbọ́ ọ, ó ń lù, díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ ìró yẹn, mo gbọ́ èrò. Èrò púpọ̀, lókèèrè réré. Wọ́n ń hó. Mo gbé orí kúrò. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Odò ti dì gbagidi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé etí lé e mọ́.

"Ibo lo máa ń lọ?" mo bi í nígbà tó dé.

"Mo wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ."

"Ọmọ wo, Lowell? Kò sí ọmọ kankan."

"Tí mi ò bá lọ, ta ló máa bójú tó wọn?" Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra. "Ó ti rẹ̀ mí, Arlys. Bọ́ọ̀sì yẹn tutù. Tí sáà bá parí, màá wálé wá sinmi."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Kó ṣáà parí síbí. Ilé ni kó parí sí. Tó bá lọ parí síbòmíì…"

Mo dúró kó sọ ìyókù. Ó ní kí n fún òun ní búrẹ́dì.

Mo sọ fún Virgil. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àìsùn ló ń dà mí láàmú. Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ń padà bọ̀ wálé. Ó gbé e wá. Ó wo Lowell tó jókòó bí àpò ọ̀dùnkún. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Lowell yí ọrùn. "Virgil," ó ní, "ikùn rẹ tún ti yọ sí i o."

Virgil gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jáde. Mo bá a níta, nínú òtútù, lẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀.

"Yí ètò wọn padà," mo ní. "Kí wọ́n máa gbá gbogbo ẹ̀ nílé."

"Kò ṣe é yí mọ́, tí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Dá a dúró, Lowell ṣáà wà nílé báyìí. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ó gbìyànjú ẹ̀ lóòótọ́. Ó parọ́ fáwọn yòókù pé kọ̀ǹpútà òun bà jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, Lowell bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Ó ń la ẹnu, atẹ́gùn ò wọlé. Èékánná rẹ̀ ṣú. Mo pariwo lórí fóònù pé, "Tẹ̀ ẹ́! Virgil, tẹ̀ ẹ́!" Ó tẹ̀ ẹ́. Lowell mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ tún gbéra, ó sì lọ. A ò dán an wò mọ́. Sáà náà gbọ́dọ̀ rìn dópin fúnra rẹ̀, àwa á sì máa wò ó.

Àwọn Atukọ̀ ń borí ṣáá. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo mú wọn dé àṣekágbá, àwọn àti ẹgbẹ́ ìlú Duluth. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló gba ife. Wọ́n kọ́kọ́ gbá nílé wa, wọ́n wá gbéra lọ Duluth. A ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ku eré kan ṣoṣo kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Tí a bá borí, sáà parí sí Duluth. Tí a bá pàdánù, wọ́n á padà wá parí ẹ̀ sílé.

Mo wo Lowell. Ó jìnnà sí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí màá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: nínú líìgì wọn, èèyàn lè rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni wọn kì í kí mọ́. Mo mọ̀. Ọmọ kan wà nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì borí rí. Gbogbo ẹni tó bá jù ú sí ló máa ń gbá a fò kọjá ògiri. Orúkọ tiẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́.

Virgil pè mí. "Ọmọ yìí? Lónìí?"

"Òun ni."

Ó yé e. "Má pa fóònù," ó ní. "Màá máa kà á fún ọ bó ṣe ń jáde."

Mo jókòó ti Lowell. Yìnyín ń já bọ́ láti orí òrùlé.

"Àwọn Duluth ò rí i gbá," Virgil ní.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Wọn ò tíì rí ẹyọ kan gbá o, Arlys."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Àwa ti gbá kan wọlé. Arlys, ọmọ yìí ń jù ú bí ẹni tí…"

"Yọ ọ́. Fi ẹlòmíì sí i."

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.

"Mo ti yọ ọ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti yọ ọ́, ó ṣì ń jù ú."

Mo gbá ọwọ́ Lowell mú. Mo ń sọ pé kó wálé, kó sọ̀kalẹ̀, kó fi wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò fún tèmi. Mo gbọ́ tí Virgil ń sunkún lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé àwa la gba ife.

Kò padà. Gbogbo ìyókù òtútù, ó ń mí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Dókítà wá, ó ní ara rẹ̀ le. Mo ń fi síbí fún un ní omi ọbẹ̀, mo ń yí i lórí ibùsùn, mo ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Virgil bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n má dúró de òtútù mìíràn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Wọ́n gbà nítorí Lowell. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá gba ife, ilé rẹ̀ ni sáà tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tó sọ ìyẹn fún mi. Mo wọ aṣọ tó dáa. Mo se ọbẹ̀ ẹ̀wà, mo sì rántí iyọ̀.

"Ó yá o," Virgil ní lórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìta dákẹ́. Mo ń wo ojú Lowell. Ìpéǹpéjú rẹ̀ mì. Ó jókòó gbọn-in, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní.

Ẹnu Lowell ló ti jáde. Ohùn ọmọdékùnrin ni.

"Lowell?"

"Rárá, mà." Ó wo pálọ̀ yí ká. "Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀ níbí. Wọ́n ní ẹ máa fún mi lóúnjẹ."

Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá mọ̀ ọ́n.

"Arlys?" Virgil ń pè nínú fóònù tó wà lórí tábìlì. "Ṣé ó ti dé?"

Mo bu ọbẹ̀, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ebi ń pa ọmọ náà lóòótọ́. Ó jẹ ẹ́ kíákíá, ó fi búrẹ́dì nu abọ́.

"Ọ̀gá yín dà?" mo ní.

"Wọ́n ṣì wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì."

"Kí ló dé tí wọn ò bá ẹ wálé?"

"Mi ò mọ̀, mà." Ó gbójú sílẹ̀. "Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín ṣáá. Wọ́n ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má bínú o. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé orúkọ yín."

Mo di etí tábìlì mú.

"Arlys," mo ní. "Sọ fún un pé Arlys ni."

Ó pè é. Ó tún un pè, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé ẹ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ó na abọ́ sí mi, ó bi mí bóyá ọbẹ̀ ṣì kù.

Ó kù. Mo bu òmíràn fún un.