Má Fi Orí Dá Mi Lóhùn

Fìlà ni Yaretzi Ibarra, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin gíga kan nà án sókè lórí ìyá rẹ̀ kí oòrùn má baà pa obìnrin náà, orí tirẹ̀ sì wà gbangba nínú oòrùn. Àwọn tó ń já èso àjàrà ní ìlú Delano ti tò gbọọrọ síwájú ọkọ̀ ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń gbé wá ní Sátidé.

"Ẹ dé fìlà yín, oòrùn yìí á bó yín lára."

"Ó ti bó mi tipẹ́, Dókítà. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú màmá mi."

"Mi ò tíì di dókítà."

"Ẹ ti wọ ẹ̀wù ẹ̀. Ìyẹn ti tó wa."

Tello Zamudio ni orúkọ rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Yaretzi fi Sípáníìṣì ṣàlàyé oògùn náà: ẹyọ kan láàárọ̀, kí wọ́n jẹun sí i.

"Ṣé ó yé yín, Mà?"

Màmá Zamudio mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Yaretzi pe ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí Tello kì í wá, àìsàn kankan ò sì ṣe é. Nígbà mìíràn á gbé támálẹ̀ gbígbóná, oúnjẹ àgbàdo wọn, dání, tí ó ṣì wà nínú háhá àgbàdo.

"Màmá ló ní kí n gbé e wá."

"Ṣé Màmá náà ló ní kí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá sóko?"

Tello wolẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, Màmá Zamudio gbé oògùn mì, kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó dákú sáàárín àjàrà. Nígbà tó lajú díẹ̀, omi ọsàn tí wọ́n rọ sí i lẹ́nu ló gbà á.

"Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn," Yaretzi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá nílé ìwòsàn. "Wọ́n mi orí."

"Ìyá tiyín ńkọ́? Ṣé àwọn kì í mi orí fún dókítà ni?" Tello bi í.

Inú oko àjàrà ni wọ́n bí Yaretzi náà sí. Ó mọ̀ pé àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé àwọn. Ìwà àrífín ni. Àwọn mẹ́ta péré ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀, òun ló sì gbàgbé. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó kọ lẹ́tà pé òun ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì sọ fún Tello.

Kí Yaretzi tó fi í ránṣẹ́, ara Màmá Zamudio ti yá, ó wá kan ilẹ̀kùn. Tello wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Tí o bá lọ, ta ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀?" ìyá náà wí. "Jókòó, ọmọ mi. Tún ọ̀rọ̀ oògùn yẹn sọ. Èmi náà á wá sọ ọ́ fún ẹ. Tí mo bá ṣì í, dá mi dúró."

Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sọ ọ́ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Yaretzi fa lẹ́tà náà ya.

Láti ìgbà náà, Màmá a máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí aláìsàn bá mi orí fún, tó sì fẹ́ pe ẹni tó kàn, Màmá á pa á lẹ́nu mọ́. "Ní kó sọ ohun tí o wí."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Yaretzi di dókítà, ó sì yan iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Delano. Lọ́jọ́ tó dé, Tello mú un lọ sáàárín àjàrà, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan láìmí. Omi bọ́ lójú Yaretzi. Ó mi orí.

"Ó tì o, Dókítà. Má fi orí dá mi lóhùn. Kí ni mo sọ?"

"O ní kí n fẹ́ ẹ."

"Ó ṣẹ́kù."

"O ní Màmá á máa bá wa gbé. O ní níjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ ò bá yé mi, kí n wí, kí n má kàn rẹ́rìn-ín."

"Ó wá yé ẹ?"

"Ó yé mi. Mo gbà."

Tello ṣí fìlà rẹ̀, ó sì nà án sókè lórí Yaretzi.